Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Ìpegedé Ọkọ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ṣe é gbára lé fún àyẹ̀wò tí òfin sọ di dandan fún ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Agbègbè tí a fi ṣe òpó àlàyé wa ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kì í ṣe pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ojú ọ̀nà wọn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ bọ̀ pín sí méjì ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀kan forí lé àríwá, ó gba Ọ̀bà-Àkókó àti Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà lójú rẹ̀. Èkejì gba Ìfọ̀n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, kọjá, ó sì wọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó lọ sí Bìní. Ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ oníṣu, ọkọ̀ oníkòkó àti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ni wọ́n jọ ń du ọ̀nà méjèèjì yìí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já lu àwọn ènìyàn níwájú Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá-Àkókó. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àwọn tí ó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan nígbà náà, tí ó sì ń gba ẹnu wọn ní gbogbo ìgbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kò ju méjì lọ: "bíréèkì fẹ́èlì". A ó fi hàn níwájú pé ó kéré tán, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn kékeré yìí dì sínú ẹrù kan ṣoṣo, àti pé àyẹ̀wò tí ó lè rí ọ̀kan nínú wọn lè máà rí èkejì rárá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ti la ọ̀nà fún àwa olùkọ́ nípa ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Abẹ́ igi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ tọ ọ̀nà náà dé báyìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: bí wọ́n bá pe olùkọ́ Yorùbá kan pé kí ó wá ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ wọn, àwọn ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò?

2. Orúkọ ìwé ti gba ipò orúkọ iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi etí sí ohun tí awakọ̀ ń sọ. Ìwé ọkọ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní "pátíkúlà" tàbí "pépà". Ìwé tí ó jẹ mọ́ àyẹ̀wò, "ròódù-wọ́tì" ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè ṣàkíyèsí kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ yìí nìkan bí kò ṣe àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń bá a rìn. Awakọ̀ a máa sọ pé, "Mo ti ra ròódù-wọ́tì." A sì máa sọ pé, "Ròódù-wọ́tì mi ti kú, mo fẹ́ lọ sọ ọ́ dọ̀tun." Ohun tí a lè rà, tí ó lè kú, tí a sì lè sọ dọ̀tun, ìwé ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọkọ̀ òun ní ròódù-wọ́tì bí ẹni pé ìwà ara ọkọ̀ náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí òfin ní lọ́kàn nìyẹn. Ohun mẹ́rin ni òfin mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni ipò tí ọkọ̀ wà, bóyá ó ṣe é gbé jáde sójú ọ̀nà tàbí kò ṣe é gbé jáde. Èkejì ni iṣẹ́ tí a ń ṣe láti mọ ipò náà. Ẹ̀kẹta ni ìwé tí ó ń jẹ́rìí sí ohun tí a rí. Ẹ̀kẹrin ni òṣìṣẹ́ tí a fún ní àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ru gbogbo ẹrù yìí, èyí tí ó ṣe é fọwọ́ mú nínú wọn, tí í ṣe ìwé, ni yóò borí. Ẹni tí ó gba ìwé láìjẹ́ pé a wo ọkọ̀ rẹ̀ kò ní rí i pé òun tan ẹnikẹ́ni jẹ. Lójú tirẹ̀, ó ti rí ohun tí ó lọ wá.

Kì í ṣe èdè Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1960 ni àyẹ̀wò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ìrìnnà ti ọdún 1956. Ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá ni ó kọ́kọ́ kàn. Bíréèkì, iná àti sítíárìn ni wọ́n sì ń wò. Láti 1967 ni ó ti kan ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́ta, MOT, tí a fi ń pe àyẹ̀wò náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó dá a sílẹ̀ ni wọ́n dúró fún. Ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ orúkọ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá tí ó wà ní Peckham ṣì ń bi ara wọn pé, "Ṣé o ti ṣe MOT?" Nílé níbí, V.I.O. ni tiwa. Lẹ́tà tí ó dúró fún òṣìṣẹ́ ayẹ̀wò ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn a máa fi pe òṣìṣẹ́ náà, ọ́fíìsì rẹ̀, àti àyẹ̀wò tí ó ń ṣe.

3. Yẹ, yẹ̀ àti yẹ̀wò

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ipò ọkọ̀ tí ó ṣe é gbé jáde, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni "yẹ". Ọkọ̀ yìí yẹ lójú ọ̀nà. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- kún un, a ó rí "ìyẹlọ́nà". Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu, ó sì dùn ún gbọ́. A kò fara mọ́ ọn, ìdí wa sì nìyí.

Ohùn àárín ni ó wà lórí "yẹ" tí ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan bójú mu. "Yẹ̀" olóhùn ìsàlẹ̀ ni a ń lò nígbà tí nǹkan bá sún kúrò ní ipò rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí a bá kọ "ìyẹlọ́nà" láìfi àmì ohùn sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn akọ̀wé pátákó ti ń ṣe, ẹnikẹ́ni lè kà á sí "ìyẹ̀lọ́nà". Ọkọ̀ tí ó yẹ lọ́nà àti ọkọ̀ tí ó yẹ̀ lọ́nà, ọ̀kan ni a ń wá, èkejì sì ni ohun tí a ń sá fún. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà di òdì-kejì nítorí àmì kékeré kan kò yẹ ní ohun tí a ń kọ sára ògiri ọ́fíìsì ìjọba. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, a lè fọkàn tán olóòtú pé yóò fi àmì sí i. A kò lè fọkàn tán ẹni tí ń fi ọ̀dà kọ pátákó.

Ọ̀rọ̀ tí a fara mọ́ ni "pegedé". Àwọn olùkọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni a ń lò fún ẹni tí ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú ìdánwò. Ọkọ̀ tí a wò, tí ó sì kún ojú òṣùwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, ọkọ̀ náà pegedé. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí "ìpegedé ọkọ̀" fún ipò náà, "àyẹ̀wò ìpegedé" fún iṣẹ́ náà, àti "ìwé-ẹ̀rí ìpegedé" fún ìwé náà. Bí a kò tilẹ̀ fi àmì ohùn kankan sí i, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè ṣì í kà sí. Àǹfààní kan tún wà. "Yẹ" dàbí ìwà tí ń bá nǹkan gbé títí. "Pegedé" ń rán wa létí ọjọ́ kan pàtó. Ọkọ̀ tí ó pegedé ní oṣù kejì lè ti bàjẹ́ ní oṣù kẹta. Bí ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí náà ṣe rí gan-an nìyẹn: ó ń sọ ohun tí a rí lọ́jọ́ tí a wo ọkọ̀, kò sì ṣe ìlérí fún ọ̀la.

Nípa òṣìṣẹ́ náà, "yẹ̀wò" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, nítorí a lè fi àbọ̀ há a láàárín: yẹ ilé wò, yẹ ọkọ̀ wò. A lè dá "ayẹ-ọkọ̀-wò" sílẹ̀ láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fáwẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn jẹ, àwọn kan yóò pè é ní "ayẹkọ̀wò", àwọn mìíràn yóò pè é ní "ayọkọ̀wò", èyí tí yóò dàbí ẹni tí ń yọ ọkọ̀. "Olùyẹ̀wò ọkọ̀" ni a yàn. Ó gùn díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé ṣì í gbọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi lo ọ̀rọ̀ tí ó ti ara ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ wá. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ ní ẹwà tirẹ̀. Níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò bá ti fi i bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, u ni wọ́n sábà máa ń lò, kò sì sí ìdí tí olùkọ́ kò fi lè pe ọ̀rọ̀ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìdóàní, àwọn kan wà tí èdè abínibí wọn jẹ́ Iyayu, èdè tí ó bá èdè Ẹ̀dó tan. Yorùbá àjùmọ̀lò ni gbogbo wọn ń bá ara wọn pàdé lé lórí ní gáréèjì. Òun ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé tí gbogbo ènìyàn yóò kà.

4. "Bíréèkì fẹ́èlì"

Apá yìí ni ó gba àlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn gbé wà.

Àwọn atúmọ̀ èdè ti pe bíréèkì ní "ìjánu ọkọ̀", a kò sì ní ohun kan láti fi bu ọ̀rọ̀ náà kù. Ìjánu ni a fi ń dá ẹṣin dúró. Àfiwé náà já gaara. Síbẹ̀, kò sí awakọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí yóò kígbe pé ìjánu òun ti já. "Bíréèkì" ni yóò pè é. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti di ti Yorùbá, a sì lè so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn bí ó ti wù wá: bíréèkì ọwọ́, bíréèkì ẹsẹ̀, epo bíréèkì, okùn bíréèkì. Kí "ìjánu" wà nínú ìwé ewì, kí "bíréèkì" wà lórí ìwé àyẹ̀wò. Ìṣòro kò sí lára ọ̀rọ̀-orúkọ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe "fẹ́èlì" ni ó ń bo ojú òtítọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí bíréèkì ń gbà kọ iṣẹ́ ni ìjò. Nínú ọkọ̀ kéékèèké, epo ni ó ń gbé ipá láti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni. Bí epo tàbí afẹ́fẹ́ bá ń jò, ipá náà kò ní dé ibi tí a rán an. Ọ̀nà kejì ni ìjẹ. Páàdì tàbí láínìn ni ó ń fara nù irin tí ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń jẹ, títí irin yóò fi máa ha irin. Olùyẹ̀wò tí ó mọṣẹ́ lè rí ìjò àti ìjẹ bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Yóò tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, yóò fi ọwọ́ pa ojú okùn, yóò wo bí epo ti tó nínú agolo rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a kò tí ì ní orúkọ fún. Bíréèkì kì í pa eré run. Ńṣe ni ó ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí olùkọ́ físíìsì lè gbé lọ sí kíláàsì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wúwo tó kìlógíráàmù 30,000, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ó fi mítà 100 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí a bá sọ ìwọ̀n náà di púpọ̀ pẹ̀lú 9.8 àti pẹ̀lú 100, agbára tí ó gbọ́dọ̀ lọ sí ibì kan jẹ́ júùlù 29,400,000. (A mọ̀ pé "agbára" ń ru ẹrù púpọ̀ jù nínú èdè wa. "Ipá" ni a ń lò níhìn-ín fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, "agbára" sì ni fún ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́.) Ooru tí ó tó bẹ́ẹ̀ lè mú kí omi lítà 100 tí ó wà ní ìwọ̀n ooru 30 bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí awakọ̀ bá fi gíà ńlá sọ̀kalẹ̀, tí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú àwọn irin roboto díẹ̀ àti láínìn tí ó fún mọ́ wọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru yìí yóò kó sí. Láínìn tí ó gbóná kọjá ààlà kì í di irin mú mọ́. Epo bíréèkì tí ó gbó, tí omi ti wọ inú rẹ̀, a sì máa hó, èéfín rẹ̀ a sì gba ipò rẹ̀ nínú okùn. Awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọlé ṣin-in, ọkọ̀ yóò sì máa lọ.

Kí ni kí a pe èyí? A kọ́kọ́ ronú sí "àárẹ̀ bíréèkì", nítorí pé ó jọ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ títí tí agbára rẹ̀ fi tán. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílò "àárẹ̀" fún ohun mìíràn, èyíinì ni bí irin ti ń là díẹ̀díẹ̀ nítorí pé a ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Kò dára kí a ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ìdákú bíréèkì" ni a fi sílẹ̀. Ẹni tí ó dákú kò tí ì kú. Bí ara rẹ̀ bá tutù, yóò jí. Bákan náà ni bíréèkì yìí: bí ó bá tutù tán, ó lè tún di ọkọ̀ mú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ìwúlò ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lọ. Bíréèkì tí ó dákú lórí òkè lè pegedé ní ibùdó àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé bíréèkì ń jò yóò lọ bá mẹkáníìkì. Èyí tí ó mọ̀ pé bíréèkì ń dákú yóò mọ̀ pé gíà kékeré ni òun gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ kí òun tó dé ẹnu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé kí òun má sì di ẹrù kọjá ìwọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ṣì jẹ́ "fẹ́èlì", àdúrà nìkan ni ìmọ̀ràn tí a lè fún un.

5. Táyà, iná àti sítíárìn

A ó yára gba apá yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn fọkanáísà àti mẹkáníìkì ti tó lò níbẹ̀. Táyà a máa jò, a máa bẹ́, a sì máa pá bí orí àgbàlagbà. Ohun tí ó kù ni orúkọ fún àwọn ọ̀gbun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lójú táyà, tí ń fún omi jáde lábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí. "Ilà táyà" bá a mu, "jíjìn ilà" sì ni ohun tí a ń wọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilà táyà ọkọ̀ kéékèèké kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 1.6. Kí olùkọ́ fi kún un pé táyà lè ní ilà dáadáa kí ó sì ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹni tí ó bá ń ra táyà tòkunbọ̀ nílò ìmọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn rẹ́wáyà kì í sábà sọ fún oníbàárà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò ní òsì. A ṣe iná iwájú ọkọ̀ tiwọn kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè gbé sókè díẹ̀ sí òsì, níbi tí ẹ̀gbẹ́ títì wà fún wọn. Bí a bá ra irú iná bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ tí a sì dè é mọ́ ọkọ̀ níbí, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí. "Ìdojúkọ iná" ni a pe ohun tí olùyẹ̀wò ń wò nípa èyí, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "títàn iná". Iná lè tàn kí ìdojúkọ rẹ̀ má dára.

Fún sítíárìn, "àlàfo sítíárìn" ni a dábàá fún ìwọ̀n tí ọwọ́ awakọ̀ lè yí i kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbọ́.

6. Àléébù àti ìwọ̀n rẹ̀

Olùyẹ̀wò kò kàn ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pín ohun tí wọ́n bá rí lára ọkọ̀ sí ìsọ̀rí, a sì rò pé ìpín náà yóò ṣe àwọn olùkọ́ wa láǹfààní, ìbáà jẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni a ó kọ́kọ́ pe ohun tí kò dára náà? "Àbùkù" ní ìtìjú nínú. Ẹni tí a bá sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ní àbùkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jà. "Àbàwọ́n" jọ ìdọ̀tí ara aṣọ. "Àléébù" ni ó ṣe wẹ́kú. A ó wá ní "àléébù eléwu", èyí tí ó jẹ́ pé a kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà títí a ó fi tún un ṣe. "Àléébù ńlá", tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ pegedé. "Àléébù kékeré", tí ọkọ̀ lè pegedé pẹ̀lú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a gbọ́dọ̀ tètè tún ṣe. Àti "àkíyèsí", tí í ṣe ohun tí kò tí ì bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń lọ síbẹ̀.

Fún ìdí kan náà ni a kò fi lo "fìdí rẹmi" fún ọkọ̀ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. A fi ń ṣe ẹ̀sín ni. "Kò pegedé" ti tó.

7. Níbo ni ibùdó àyẹ̀wò wà?

"Ibùdó àyẹ̀wò ọkọ̀" ni orúkọ tí a yàn, kì í ṣe "ọ́fíìsì". Ọ́fíìsì ń rán ènìyàn létí tábìlì àti ìwé. Ibùdó ni ibi tí a gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ gan-an dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì onígun mẹ́ta mẹ́ta funfun lórí àwọ̀ búlúù ni a fi ń mọ gáréèjì tí ó ní àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ti dá àwọn ibùdó sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ti ń wọn bíréèkì àti iná. Ní ọ̀pọ̀ ibi yòókù, ojú àti ọwọ́ olùyẹ̀wò ni òṣùwọ̀n.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń rí lójú ọ̀nà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ààbò Ojú Pópó tí àwọn ènìyàn ń pè ní "Ròódù Séfítì" jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1988 ni a dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ti ìpínlẹ̀ ni a ti ń ṣe àyẹ̀wò ìpegedé, ibẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì ti ń jáde. Nítorí náà, ará Ọ̀wọ̀ tàbí ará Ìfọ̀n tí ó bá ń wá ibùdó kò gbọdọ̀ béèrè fún "àwọn ará ojú ọ̀nà" lásán. Kí ó béèrè ibi tí àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń ṣiṣẹ́. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ibi tí a ti ń san owó ìwé ọkọ̀ fún ìpínlẹ̀, àti àwọn alákòóso ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni pé ọdọọdún ni ọkọ̀ aládàáni ń ṣe àyẹ̀wò yìí, oṣù mẹ́fà mẹ́fà sì ni ti ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò. Kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, kí ó sì dúró tì í. Ẹni tí ó bá rán ìwé àti owó lọ láìgbé ọkọ̀ dání ti lọ ra ròódù-wọ́tì; kò tí ì ṣe àyẹ̀wò ìpegedé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àwọn tí ń túmọ̀ ìròyìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Àbújá dá a lẹ́jọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ ti Àbújá kò ní àṣẹ láti dá awakọ̀ dúró lójú ọ̀nà, láti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀, tàbí láti bu owó ìtanràn lé e. Bí atúmọ̀ kan bá kọ ọ́ pé, "Ilé-ẹjọ́ fòfin de V.I.O.", òǹkàwé rẹ̀ ní Ìfọ̀n yóò rò pé àyẹ̀wò ti parí ní gbogbo Nàìjíríà. Ìdádúró, ìgbẹ́sẹ̀lé àti ìtanràn ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, ti Àbújá sì ni. Àyẹ̀wò jẹ́ ohun ọ̀tọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin lè fi í hàn.

8. Àpẹẹrẹ ìwé èsì

Kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ lè rí bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, a ro èsì kan jọ fún bọ́ọ̀sì èrò kan tí ń ná Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́:

"Èsì àyẹ̀wò ìpegedé: Ọkọ̀ yìí kò pegedé. Àléébù eléwu: epo bíréèkì ń jò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì. Àléébù ńlá: láínìn bíréèkì ti jẹ tán ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ilà táyà iwájú apá ọ̀tún ti pá. Àléébù kékeré: ìdojúkọ iná iwájú apá òsì kò dára tó. Àkíyèsí: àlàfo sítíárìn ti ń pọ̀ sí i. A kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yìí kúrò níbi tí ó wà títí a ó fi tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Ẹ gbé e padà wá fún àtúnyẹ̀wò."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ àyálò pọ̀ nínú rẹ̀: bíréèkì, láínìn, táyà, sítíárìn. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ orúkọ ohun tí awakọ̀ ń rí tí ó sì ń fọwọ́ kàn. Ìjò, ìjẹ, ilà, ìdojúkọ, àlàfo, àléébù àti ìpegedé, tí í ṣe orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wọn tàbí ìdájọ́ tí a ṣe lé wọn lórí, ni a fi Yorùbá sọ. A kò gbèrò pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ ti ń lọ ni a rí i pé ibẹ̀ ni ààlà náà gbé wà. Ẹni tí yóò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn náà ń gbé èrò lójú ọ̀nà kan náà, lè fi ààlà yìí dán ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wò.